Ojú Ẹlẹ́rìn-ín Tí A Yàn fún Ìyá Rẹ

Abúlé Ògúnfọwọ́kàn,
Lọ́nà Odẹ́dá.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta.

Ifáwùmí ọmọ mi,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn nìwọ̀nyí: ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ, nọ́ńbà kan tí mo fi ẹnu ara mi sọ, ojú kékeré mẹ́fà tí wọ́n yà sórí páálí, ewúrẹ́ Ifáṣọlá aládùúgbò wa tó ń jẹ láfún wa lórí àpáta, àti ìbéèrè kan tí ó ń yí mi lórí, pé bí ẹ̀rọ àwọn oníṣègùn bá lè rí eegun nínú ẹran ara, kí ló dé tí wọ́n tún ń bi arúgbó léèrè pé ibo ló ń dùn ún. Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni wọ́n kọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ní ilé-ìwé, ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sáré kọjá ìkíni. Jẹ́ kí n padà sẹ́yìn.

Ṣé dáadáa lo wà? O kú iṣẹ́, o kú làálàá Èkó, o kú ìdúró nínú oòrùn. Iṣẹ́ tuntun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí, Olódùmarè kò ní jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, Ògún tí a ń bọ nílé yìí yóò máa ṣáájú ọkọ̀ tó o bá wọ̀, yóò sì máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìyá rẹ kò kí ọ, nítorí kò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé ọ̀gá rẹ yóò lé ọ kúrò bó o bá ń tọrọ àyè kí oṣù tó parí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́, tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Etí ìyá rẹ kò ṣàìsàn.

Tó o bá dé ibi yìí, jókòó. Kò sí ẹni tó kú. Èmi fúnra mi kì í fẹ́ kí wọ́n ní kí n jókòó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí mo máa ń rò nígbà náà máa ń burú ju ọ̀rọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n jókòó náà.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kọjá, ìyá rẹ gun àpáta ẹ̀yìn ilé láti lọ sá láfún. O mọ àpáta náà, orí rẹ̀ lo ti máa ń yọ̀ wálẹ̀ nígbà tó o wà ní kékeré tí gbogbo ìdí aṣọ rẹ fi ń ya. Ìrì ti sẹ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì sọ fún un pé kó jẹ́ kí oòrùn là kó tó lọ. Ó ní bí òun bá ní kí òun máa tẹ̀lé gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀rù, àwa méjèèjì ì bá ti fi ebi kú sínú ilé tipẹ́tipẹ́. Ó yọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lulẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì gbara lé. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n má tẹ láfún òun mọ́lẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Kọ́láwọlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa táksí láti Odẹ́dá sí Abẹ́òkúta, gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, ó sì já wa sílẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Mo ti rò pé ibi tí wọ́n ti ń sáré ni pàjáwìrì. Ọmọ mi, orí bẹ́ǹṣì la ti lo ìdajì ọjọ́. Kì í ṣe pé wọn kò ṣiṣẹ́ o. Àwọn tí ọkọ̀ gbá ni wọ́n ń gbé wọlé lọ́tùn-ún lósì, ìyá rẹ sì ń kí gbogbo wọn kú ewu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mọ́kànlá ló kí. Ẹni kan nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà, ó sì dá a lóhùn pé ẹ ṣeun, Mama.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù nítorí mo sọ fún wọn pé mo jókòó fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Mo kọ orúkọ. Níbi ẹ̀sìn, mo kọ Ògún. Akọ̀wé tó gbà á ní àyè méjì péré ló wà níbẹ̀, mo ní kó bá mi fa ìlà kẹta. Ibi tó le ni ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ìyẹn wá. Nígbà tí bàbá Ifáṣọlá kú, irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kan ló dá ìjà sílẹ̀ lórí oko kòkó tí wọn kò tíì parí dòní. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìsàn náà wà láàyè, ẹ jọ̀wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Akọ̀wé náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú mi, ó sì fi í sínú fáìlì.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀sì kan mú páálí kan wá. Ojú mẹ́fà ni wọ́n yà sórí rẹ̀, roboto bí ọsàn. Èkíní ń rẹ́rìn-ín, èkejì náà ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́ lọ títí dé ẹ̀kẹfà tí omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Nọ́ńbà wà lábẹ́ wọn, láti òdo títí dé mẹ́wàá. Ó ní kí ìyá rẹ tọ́ka sí èyí tó bá tirẹ̀ mu, kó sì sọ iye tí ìrora náà jẹ́ nínú mẹ́wàá. Ìyá rẹ wo páálí náà títí, ó ní kò sí èyí tó jọ òun níbẹ̀, pé kò sí ẹni tó kọlà nínú gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí Baba bá Mama ṣàlàyé. Èmi ni Baba tó ṣàlàyé.

Bá mi rò ó wò. Èmi tí mo ti ṣe ìdánwò, mo mọ ohun tí iye nínú mẹ́wàá jẹ́. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé mẹ́wàá fún ara rẹ̀ níwájú àlejò? Àti pé nílé tiwa, ṣé a máa ń fi ẹnu ara wa pe ibi ni? Bí wọ́n bá ní ara ńkọ́, a dúpẹ́ ni ìdáhùn, kódà bí igi bá wó lu ènìyàn, abẹ́ igi náà ni yóò ti sọ ọ́. Mo tún wo àwọn tí ọkọ̀ gbá, mo ní àwọn wọ̀nyí ló ni ojú tó ń sunkún, kò yẹ kí àgbàlagbà lọ bá wọn du ú. Mo bá sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ létí pé kó mú ojú kejì, èyí tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, nọ́ńbà méjì. Ó bi mí pé ṣé kò pọ̀ jù. Mo ní méjì kò pọ̀ jù.

Dókítà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọládọ̀tun wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó kí wa. Ó wo ọwọ́ náà dáadáa. Ó bi ìyá rẹ bóyá ibòmíràn ń dùn ún, ìyá rẹ ní a dúpẹ́. Èmi náà fi kún un pé a dúpẹ́ púpọ̀. Ó bi í bóyá ó lè rìn, ìyá rẹ sì dìde, ó rìn dé ara ògiri, ó padà, ó di eyín pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ já okùn, èmi ọkọ rẹ̀ sì jókòó níbẹ̀, mò ń yangàn. Wọ́n ya fọ́tò eegun ọrùn ọwọ́. Dókítà ní kò ṣẹ́, iṣan ló fà, ó fi báńdéèjì wé e, ó fún wa ní oògùn ìrora, a sì wálé.

Wọ́n kó fọ́tò náà lé wa lọ́wọ́, mo so ó mọ́ ojú fèrèsé pálọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ tó o gboyè. Gbogbo abúlé ló wá wò ó. Ifáṣọlá ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, pé fọ́tò tí kò ní ojú, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ti ìyàwó mi ni. Mo ní kó wo ìka kékeré tó tẹ̀ yẹn. Ó ní ìka tòun náà tẹ̀, ó sì nà án sí mi. Ó ní èmi akọ̀wé abúlé, ìwé tí mo kà kò jẹ́ kí n ríran mọ́. A wà lórí ọ̀rọ̀ ìka fún bíi wákàtí kan. Ní gbogbo wákàtí yẹn, ìyá rẹ jókòó sórí àga, kò dìde, kò sì lé wa síta. N kò bi ara mi léèrè pé kí ló mú obìnrin tí kì í jókòó tó fi jókòó.

Ọjọ́ ń lọ. Ó ń di ògiri mú kó tó dé ìta. Bó bá sùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ògiri, bí ẹsẹ̀ tó fẹ́ lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Mo lọ wá òwú, mo ní kó nà gbọnrangandan lórí ẹní, mo fi wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, mo sì fi wọn ti òsì. Ti òsì fi ìwọ̀n àtàǹpàkò kan kúrú. Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta rèé, òun kò rí ọjọ́ tí mo wo ẹsẹ̀ òun rí àfi ìgbà tí mo bá ń wá bàtà mi. Mo wọn òwú náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo rò pé bóyá òwú ló ń sún kì.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Bùsírátù wá, nọ́ọ̀sì Odẹ́dá tó máa ń wá gún àwọn ọmọ abúlé wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó yà láti kí ìyá rẹ. Bó ṣe rí ẹsẹ̀ náà lórí ẹní, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí ní ohun tí a sọ fún wọn ní pàjáwìrì. Mo mú ìwé tí wọ́n fún wa jáde, mo fi ibi tí wọ́n kọ méjì nínú mẹ́wàá hàn án, mo sì sọ bí mo ṣe ràn án lọ́wọ́. Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní Baba, ẹ ti pa mí.

Ó ní kì í ṣe máàkì ni nọ́ńbà yẹn o, pé òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọn yóò tún tú yẹ̀wò. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo ti ní lọ́kàn, nípa ẹ̀rọ tó ń rí eegun. Ó ní ibi tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sí nìkan ló ń rí, ènìyàn ló ń sọ fún dókítà, dókítà ló ń sọ fún ẹ̀rọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ńlá yẹn, ẹnu ìyá rẹ ló ń dúró dè. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé bí wọ́n ṣe ya ọwọ́ yẹn, ìyókù ara ti wà nínú rẹ̀, pé wọ́n kàn gé e kù nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni, bí wọ́n ṣe máa ń gé fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti gba mẹ́wàá rí. Ó ní ojoojúmọ́. Mo bi í bóyá ojú kì í tì wọ́n. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ.

Ó fi fóònù pe ilé ìwòsàn náà títí wọ́n fi bá a wá Dókítà Ọládọ̀tun. Nígbà tó gbọ́ bí ẹsẹ̀ náà ṣe dà, ó ní kí wọ́n tún un sọ. Ó ní ó jọ pé ọrùn eegun itan ló sán nígbà tó ṣubú, pé ìrìn tó ń rìn lórí rẹ̀ ló wá jẹ́ kó yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé bí Mama tilẹ̀ sọ pé òdo ni, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ṣubú lórí àpáta, ó yẹ kí òun fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Mo ní rárá o, ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mo yan ojú. Ó ní rárá, Baba, ẹ má bínú. Mo ní kí òun náà má bínú. Bùsírátù ní kí a jọ̀wọ́ kí a fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, iná fóònù òun ń kú lọ. Dókítà ní kí a gbé e wá kíákíá, kó má fi ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ mọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi irin dè é nínú, àti pé bó bá pẹ́, ó lè má rìn mọ́ láìdi igi méjì mú.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti kọ̀. Ó ní wọn kò ní fi irin sí òun lára, òun kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ó kọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ó kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ náà ń sàn, a dúpẹ́. Àná ni ọgbọ́n wá sí mi lórí. Mo bi í pé ta ló ni irin. Ó ní Ògún ni. Mo bi í pé láti ìgbà tó ti wọ ilé yìí, ta ni a ń bọ. Ó ní Ògún ni. Mo ní ṣé ó wá rò pé Ògún yóò wọ ìbàdí ìyàwó ilé rẹ̀ kó má mọ ibi tí òun wà? Ó ronú, ó ní bóyá irin òyìnbó kò mọ Ògún. Mo ní irin òyìnbó ni ọkọ̀ Kọ́láwọlé, a sì ń bọ Ògún sí i lọ́dọọdún, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tíì wọ kòtò. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ Ògún tó ń bọ̀, pé Ọjọ́bọ̀ náà ni òun yóò lọ. Èmi náà gbà, torí ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í tẹ ọjọ́ lójú mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ ká láfún tí ewúrẹ́ Ifáṣọlá ṣẹ́ kù. Ìyá rẹ dá dìde láti lọ bu omi nínú àmù. Mo gbọ́ igbe. Ifáwùmí, ọmọ mẹ́fà ni ìyá rẹ bí, mẹ́ta nínú yín lórí ẹní yàrá yìí, n kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Mo bá a tó rọ̀ mọ́ àmù, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Kò sọ pé a dúpẹ́. Ó ní Ògúnyọmí. Orúkọ mi gan-an ló pè, kì í ṣe Bàbá Ifáwùmí, kì í ṣe baálé mi, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á lé wa lọ́wọ́. Ó ní Ògúnyọmí, mo ṣì fẹ́ rìn o.

Mo gbé e padà sórí ẹní. Lẹ́yìn náà mo lọ síwájú ojúbọ, mo dúró. Mo rò ó pé bí mo bá gbé e lọ ṣáájú ọjọ́ tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, èmi ni; bí mo bá dúró de ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà sì bàjẹ́, èmi náà ni. N kò rí ẹ̀gbẹ́ tí ìbẹ̀rù kò sí. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ògún, mo ní òun tó ń jẹ́ kí ọkọ́ ríṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́ kò ní bínú bí a bá wá a wá ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Mo wọlé, mo sọ fún ìyá rẹ pé a kò dúró de Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ó wo ojú mi pẹ́. Ó ní kí n bá òun wá ìborùn òun tó mọ́. Bùsírátù ti pe dókítà, ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun wà níbẹ̀ lọ́la. Kọ́láwọlé wà ní Ọ̀fàdà, ìrọ̀lẹ́ yìí ló máa dé.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi wádìí àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́n lọ́dọ̀ yín. Ṣé irin náà máa ń dípẹtà bó bá ń fara kan ẹ̀jẹ̀? Ṣé yóò máa ta á bí òjò bá ṣú? Bí ìyá rẹ bá fẹ́ wọ báńkì tí ilẹ̀kùn wọn máa ń ké bí wọ́n bá rí irin lára ènìyàn, ta ni yóò bá a ṣàlàyé? Bùsírátù yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù. Bó bá gé etí ìwé kù bí wọ́n ṣe ń gé fọ́tò, béèrè èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún irin náà àti fún oògùn, iye tí ọwọ́ rẹ bá ká. Àkáǹtì Kọ́láwọlé ni kó o fi sí, má fi sí tèmi. Báńkì ti ti tèmi pa, wọ́n ní nítorí n kò fọwọ́ kan owó inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Èmi rò pé torí ká má baà fọwọ́ kàn án la ṣe ń gbé owó lọ sí báńkì. Ra bàtà tí kì í yọ̀ bọ̀ fún ìyá rẹ, kí méjèèjì dọ́gba, torí mo gbà gbọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tún dọ́gba. Bó o bá lè gba àyè níbi iṣẹ́, wá bá wa ní Abẹ́òkúta. Bí ìyá rẹ bá bi ọ́ léèrè ẹni tó sọ fún ọ, sọ pé èmi ni. Mo ti dàgbà ju kí n máa fi nǹkan pa mọ́ lọ.

Ọmọ mi, o kò ní ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ọ. Ẹni tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè tó yẹ, tí yóò sì dúró gbọ́ ìdáhùn, kò ní wọ́n ọ láyé. Ẹsẹ̀ rẹ yóò gbé ọ dé ibi ire. Orí ìyá rẹ yóò bá a ṣe é, ọwọ́ dókítà kò ní gbọ̀n.

Èmi Ògúnyọmí, bàbá rẹ, ni mo kọ ọ́, má wo ìlà ọ̀rọ̀ tó wọ́. A ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Kọ́láwọlé nínú ọkàn wa ná, kó tó dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àti ìyá rẹ yóò ti kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀, lọ́la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta.